Bí a ṣe ń wá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n ṣe rí, tí a sì ń mú un gbèrú

Ìwé èsì máa ń sọ iye tí ọmọ gbà lórí 20. Kì í sọ ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ tó gba 6 nínú àròkọ èdè Faransé ní CEG (ilé ìwé girama ìjọba) kan ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, lè jẹ́ ẹni tí gbogbo agbo ilé ń ké pè bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Èdè ìdánwò ló bo èyí mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìwé èsì kọ́ ni kí ẹ̀yin olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

6ème tàbí 5ème, ìyẹn ọdún kìíní àti ìkejì ní girama, ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn BEPC, ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ girama, ọmọ tó ń lọ sí seconde, kíláàsì tó tẹ̀ lé e, gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ A, B, C tàbí D, bí kò bá gba ọ̀nà iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ẹni tó bá dúró di ìgbà yẹn, máàkì nìkan ni yóò rí gbé ìpinnu lé.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó, ẹ má tíì béèrè

Ẹ ra káyé (ìwé ìkọ̀wé) olójú-ìwé 100, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan. Ẹnikẹ́ni kò lè ṣọ́ ọmọ 60 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ mú ọmọ márùn-ún lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ẹ ti yí gbogbo kíláàsì ká. Àwọn tó ń pariwo àti àwọn tó ń gbapò kìíní ni ojú olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ bá; orúkọ márùn-ún yìí ló ń fà á padà sọ́dọ̀ àwọn tó jókòó láàárín.

Ohun tí ọmọ ṣe ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ oríkì. “Ó gbọ́n” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. “Ó pín ọmọ 14 sí ẹgbẹ́ méjì fún bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tó bínú” wúlò, torí pé ẹlòmíràn lè rí ohun kan náà kó sì jẹ́rìí sí i.

Àmì mẹ́ta la ń wá. Ó ń ṣe é láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an. Ohun tuntun nínú rẹ̀ kì í pẹ́ yé e. Bó bá sì parí, ó ṣì ń wù ú láti ṣe sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré lẹ rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbà á. Ọmọ wà tó mọ nǹkan ṣe dáadáa tó sì ń sá fún un. Èyí kò ní gbé e jìnnà.

Ibi tí wọn kì í ti í fún ni ní máàkì ni kí ẹ ti wò ó: ìgbà ìsinmi, ìgbà tí wọ́n ń gbá ilẹ̀, ọgbà ilé ìwé, ìdí àtẹ ìyá rẹ̀. Ní Kétu, ẹ má fo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde ní 2001 pé ó jẹ́ iṣẹ́ àrà nínú àjogúnbá aráyé, tó sì wọ àkójọ àjogúnbá rẹ̀ ní 2008. Ọmọ tó há orin ẹ̀fẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó gùn sórí, tó sì mọ ibi tí ègbè ti ń wọlé, ní ìrántí tó lágbára. Kàyéfì ni pé olùkọ́ ìtàn rẹ̀ lè máa sọ pé kò lè há nǹkan sórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì í

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìsí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí, ní èdè tó ń sọ nílé. Ẹ má bi í pé “Kí ni ẹ̀bùn rẹ?” Ohun tó rò pé àgbà fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ: dókítà, bọ́ọ̀lù, ó parí. Ẹ bi í báyìí:

- Iṣẹ́ wo lo máa ń ṣe tí o fi ń gbàgbé oúnjẹ?
- Kí ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ máa ń bẹ̀ ọ́ pé kí o bá àwọn ṣe?
- Kí lo mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ ọ?
- Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe tó sì ń sú ọ?

Èyí tó kẹ́yìn ló ń ṣiṣẹ́ jù, òun náà sì ni wọ́n máa ń fò. Bí ọmọ bá ní òun kò mọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ ní kó sọ ohun tó ṣe lánàá láti ìgbà tó jí títí tó fi sùn, kí ẹ sì kíyè sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Ẹ tún wá ẹlẹ́rìí méjì: ẹnì kan nílé, ẹnì kan níbi tó ti ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́. Àwọn òbí wa kì í sábà yin ọmọ fún àlejò; ẹ̀sùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á tán, kí ẹ wá béèrè pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Bí ẹ ò bá sí nílé, iṣẹ́ wo lẹ lè fi sílẹ̀ fún un tí ọkàn yín á balẹ̀?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kì í sábà purọ́.

Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan

Ohun tó bá jáde lẹ́nu ọmọ, nínú káyé yín àti lẹ́nu ẹlẹ́rìí, ó kéré tán níbi méjì nínú mẹ́ta, òun ni kí ẹ mú. Méjì tàbí mẹ́ta ti tó ọmọ kan. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó kọ ọ́: “Mo mọ bí a ṣe ń ṣàlàyé ìṣirò fún ẹni tí kò yé, pàápàá bí mo bá ní òkúta tí mo lè fi tò ó.”

Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́n yín, àkójọ ìwà rere 24 tí Christopher Peterson àti Martin Seligman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004 lè ràn yín lọ́wọ́. Ìforítì, ìfẹ́ ìmọ̀, àìṣègbè, inú rere àti ìpanilẹ́rìn-ín wà nínú rẹ̀. Ẹ fi wá ọ̀rọ̀ ni o, ẹ má sọ ọ́ di ìdánwò.

Ẹ fún un ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró. Wọ́n rí i, wọ́n yìn ín, ó tán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la nílò, kí iṣẹ́ náà sì lọ sí ibi tí ọmọ ti ń ṣubú.

Ẹ wo ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹyin, tí ṣéńjì kì í dà rú mọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó ń gba 5 nínú ìṣirò. Ká ní kíréètì ẹyin 30 jẹ́ 2.400 fráǹkì, tí wọ́n sì ń ta ẹyin kan ní 100. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, 3.000 ló wọlé. Èrè jẹ́ 600, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi rà á. Bí mẹ́rin bá fọ́, 2.600 ló wọlé. Èrè di 200, tó fi díẹ̀ ju ìdá 8 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó máa ṣe é lẹ́nu ní Yorùbá. Ní ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, kó kọ ọ́ sínú káyé pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ Faransé tí ìwé ìṣirò ń lò: prix d’achat (iye tí a rà á), prix de vente (iye tí a tà á), bénéfice (èrè). Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, kó ṣí ìwé kíláàsì kó sì ṣe ìbéèrè tí kò sí ẹyin nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fo ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ọmọ náà yóò padà sí 5. Ó mọ ìṣirò; Faransé ìbéèrè ni kò yé e.

Bó bá ń gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ mú un le sí i. Bí kò bá gba ju mẹ́rin lọ, ẹ rọ̀ ọ́ díẹ̀. Ẹ tún wá ọ̀gá iṣẹ́ tí yóò wo iṣẹ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà: aránṣọ, agbẹ́gilére, mẹkáníìkì. Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn tàbí ẹran ọ̀sìn ń jẹ lọ́kàn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Centre Songhaï, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ọ̀gbìn, ti wà níbẹ̀ láti 1985.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́

Ìyìn tí kò bá ibi tó yẹ ni àkọ́kọ́. Ní 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n yìn pé ọpọlọ wọn pé ni ó tètè sú nígbà tí ìbéèrè le, iṣẹ́ wọn sì lọ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n yìn fún akitiyan wọn ń bá a lọ. Ẹ yin ohun tó ṣe: “O tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó fà á lé mi lọ́wọ́.”

Èkejì ni pé agbára ọmọ máa ń di ẹrù ọmọ. Ẹni tí ọwọ́ ìwé rẹ̀ dára di ẹni tó ń kọ pátákó fún olùkọ́ lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin tó ṣeé fọkàn tán di ẹni tí wọ́n ń rán lọ pọnmi nígbà tí àwọn yòókù ń kàwé. Bí iṣẹ́ náà kò bá kọ́ ọmọ ní ohun tuntun, ìrànlọ́wọ́ fún àgbà nìyẹn.

Ẹ má sì pín kíláàsì sí ọmọ ìwé àti ọmọ iṣẹ́ ọwọ́, tàbí olójú (ẹni tí wọ́n ní ojú ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́) àti elétí (ẹni tí wọ́n ní etí ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́). Ìwádìí kò tíì fi hàn pé ọmọ tí a ń kọ́ ní “ọ̀nà tirẹ̀” nìkan ń mọ̀ ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní òpin ọdún, ẹ fún ọmọ ní ojú ìwé rẹ̀ kó kà á, kó fa igi lé ohun tí kò bá a mu mọ́, kó fi tuntun kún un. Ojú ìwé náà ni kó tẹ̀ lé e lọ bá olùkọ́ ọdún tó ń bọ̀, láìsí máàkì kankan lórí rẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ àṣírí tí ìdílé rẹ̀ bá yín sọ.