Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Dídá Kòkòrò Carabidae Mọ̀ (Ẹ Fi Àwọ̀ Sílẹ̀, Mo Bẹ̀ Yín)

Fọ́tò mìíràn tún wọlé lánàá: kòkòrò kan tó ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yà tuntun ni mo rí o!" Mo mí kanlẹ̀. Carabidae ni ìdílé kòkòrò oníìyẹ́ líle tó ń sáré lórí ilẹ̀; ẹ̀yà rẹ̀ tó ti lórúkọ ju 30,000 lọ. Àfàìmọ̀ kí tìrẹ má ti lórúkọ kí bàbá bàbá rẹ tó dáyé.

1. Ríra kòkòrò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Bí a kò bá mọ ibi tí wọ́n ti mú un àti ọjọ́ tí wọ́n mú un, ohun ọ̀ṣọ́ lẹ rà.

2. Kíkó owó lé màíkírósíkóòpù ńlá kí ẹ tó mọ nǹkan tí ẹ fẹ́ wò. Awò kékeré ti tó láti ka oríkèé wínníwínní tó wà nípẹ̀kun ẹsẹ̀. Márùn-ún márùn-ún ni ti Carabidae lórí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tenebrionidae, ìdílé kòkòrò mìíràn tí ẹ ń rò mọ́ ọn, mẹ́rin ló ní lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

3. Àwọ̀! Ibí gan-an ló ń dùn mí. Ẹ wo Poecilus cupreus, ọ̀kan lára àwọn Carabidae. Cupreus ni "oníbàbà", lóòótọ́ sì ni èyí tó pọ́n bí bàbà wà, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé wà, búlúù wà, dúdú náà wà, ẹ̀yà kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo to mẹ́rìnlá sínú àpótí mẹ́ta, mo fún wọn lórúkọ mẹ́ta, mo tún ń fi yangàn. Àgbà kan gbé wọn sábẹ́ iná, ó wo ihò tíntìntín tó wà lórí wọn láàárín ojú méjèèjì, ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀kan ni gbogbo wọn." Ẹ̀gàn tó wà ńbẹ̀ ni pé Poecilus fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí aláwọ̀ oríṣiríṣi. Orúkọ náà ti kìlọ̀ fún mi, n kò gbọ́.

Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà tún burú jù. Ara rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á rọ̀ débi pé ìyẹ́ líle ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ lábẹ́ ìka. Mo ti kọ ojú ìwé méjì lórí ọ̀kan báyìí rí pé n kò rí irú rẹ̀ rí. Ká ní mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ni, ì bá ti dúdú.

Irun ni kí ẹ wò. Nebria brevicollis àti Nebria salina jọra bí ìbejì, àfi pé ti àkọ́kọ́ ní irun lókè oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ti èkejì kò ní. Bó bá ṣì ṣòro, ẹ tú ikùn akọ, ẹ wo nǹkan ọkùnrin rẹ̀. Ẹ má tijú.

Àkámọ́ tí ẹ ń rí lẹ́yìn orúkọ kòkòrò ńkọ́? Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Carabus cupreus ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá lórúkọ, pe Poecilus cupreus ní 1758. Nígbà tí wọ́n kó o lọ sábẹ́ Poecilus, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ wọ inú àkámọ́: Poecilus cupreus (Linnaeus, 1758). Carabus granulatus Linnaeus, 1758 kò ṣí kúrò níbi tí wọ́n bí i sí, kò nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo ti fèsì fún ẹni tó fi fọ́tò àná ránṣẹ́ tán, mo ṣí àpótí mi àtijọ́. Granulatus márùn-ún, àkámọ́ wà lórí lébẹ́ẹ̀lì gbogbo wọn, ìwé ọwọ́ mi ni. Mo ń wá abẹ́ tí màá fi họ wọ́n kúrò.