Bí A Ṣe Lọ sí Omi Olúmirìn Láìfi Ìdọ̀tí Sílẹ̀: Ìrírí Mi

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Iléṣà, èmi náà ni wọ́n sì gbé ètò ìrìn-àjò afẹ́ oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá lé lọ́wọ́. A ti lọ sí omi Olúmirìn, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, rí. Lọ́jọ́ náà, bí mo ti bojú wẹ̀yìn nígbà tí a ń padà bọ̀, mo rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tiwa àti abọ́ ike tí a fi jẹ ìrẹsì láàárín àpáta. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi délé.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn-àjò kejì yìí, èmi nìkan kọ́kọ́ lọ. Ní Ìwárájà, níbi tí ọ̀nà ti pín, mo fi ti Èkìtì sílẹ̀, mo sì tẹ̀lé ti Àkúrẹ́. Nígbà tí mo sanwó ìwọlé tán, mo lọ kí bàbá kan tí ó jẹ́ afinimọ̀nà, ọmọ ìlú náà gan-an.

“Ẹ káàsán, bàbá. Èèyàn mẹ́rìnlélógún ni mo fẹ́ kó wá, n kò sì fẹ́ kí a ba ibí jẹ́.”

Bàbá wò mí títí. “Ọmọ mi, ohun tí ẹ bá dì láti ilé ni ẹ óò jù sílẹ̀ níbí. Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Ó mú mi gòkè. Ìpele méje ni omi náà ní, ṣùgbọ́n ìpele kìíní tàbí ìkejì ni ọ̀pọ̀ àlejò ń dúró sí. Ó sọ ìtàn tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá, pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí omi yìí, tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì pè é ní olú mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ó fi gbòǹgbò igi tó ti yọ síta hàn mí. Àwọn tó ń gé ọ̀nà kúrú, tí wọn kò tọ ojú ọ̀nà, ni wọ́n tú ilẹ̀ ibẹ̀, òjò sì ń gbá iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ sínú omi.

Oúnjẹ ni mo fi ọ̀pọ̀ àkókò sí, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí wa ti wá nígbà àkọ́kọ́. Dípò kí a se ìrẹsì ní Iléṣà, mo bá ìyá kan nínú ìlú náà sọ̀rọ̀, ó gbà láti gún iyán fún wa kí ó sì bu ọbẹ̀ sí abọ́ tánganran rẹ̀, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín elewé. Mo san ìdajì owó sílẹ̀. Ewé yóò jẹrà, ọ̀rá kò ní jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni owó tí a bá ná ní Iléṣà kò kan ará Ẹ̀rìn tó ń gbá ẹnu ọ̀nà omi fún àwa àlejò. Fún omi mímu, a kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, mo sì sọ fún olúkúlùkù kí ó mú kọ́ọ̀bù tirẹ̀ dání.

Lọ́jọ́ náà, a pín ara wa sí ọ̀nà mẹ́ta, èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ, afinimọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì wà pẹ̀lú wọn, kí a má baà ya bo ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa yọ ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó fẹ́ wẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ bá mi fi ọṣẹ yẹn padà sínú báàgì.”

Inú bí i, ó ní omi ń ṣàn lọ. Bàbá afinimọ̀nà ni ó dá a lóhùn pé ibi tí omi ń ṣàn lọ, èèyàn ń pọn ọ́n níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, nítorí àwa ará Ìjẹ̀ṣà ti rí ohun tí àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ fi odò Ọ̀ṣun ṣe, tí omi tó ń gba inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kọjá, igbó tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, fi di ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dá ọṣẹ padà.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò ṣètò sí: awakọ̀ wa ra mínírà inú ike fún gbogbo wa lójú ọ̀nà, ó fi ṣe wá lálejò. A kò lè kọ̀ ọ́. A kó ike náà sínú àpò ìrẹsì, nígbà tí a sì ń sọ̀kalẹ̀, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ike àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí àwọn ẹlòmíràn jù sílẹ̀ kún un láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n, títí àpò kejì fi kún.

A kó àpò méjèèjì dé Iléṣà. Àwọn tó ń ra ike ra èyí tí wọ́n fẹ́, a sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá láti fi ra ìgbálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ra ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ó ṣì wà nínú àpò ní ẹ̀yìnkùlé ìjọ wa, mo sì ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń hun báàgì bóyá wọ́n lè lò ó.