Sealant fún eyín ọmọ: ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi í, bí wọ́n ṣe ń fi í, àti ohun tó ń mú un ṣí

Lẹ́nu ọmọ iléèwé, eyín iwájú tí gbogbo ayé ń rí kọ́ ni ìdàmú. Àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ ló máa ń kẹ̀ jù, orí wọn gan-an ni ihò sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Orí eyín yẹn kò tẹ́jú. Ó ní àwọn ojú ìlà tóóró tó wọ inú lọ, òmíràn tóóró débi pé irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo kò lè wọ ibẹ̀. Pákò náà kò lè dé ibẹ̀, ì báà jẹ́ orin ata. Bisikíìtì, baba dúdú àti gáàrí oníṣúgà á há síbẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára eyín á sọ ṣúgà náà di ásíìdì, ásíìdì á sì máa jẹ eyín láti ìsàlẹ̀ ojú ìlà náà. Aràn kọ́ ló ń gbẹ́ ihò yẹn, ẹni tó bá ní òun fi àgbo fa aràn jáde nínú eyín kàn ń tanni jẹ ni.

Ohun tí wọ́n ń pè ní sealant ni ọ̀dà olómi kan tí dókítà eyín máa ń kùn sí àwọn ojú ìlà yìí, tó máa gan síbẹ̀, tí oúnjẹ kò fi ní rí ibi há sí mọ́. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, wọn kì í sì í lu eyín. Àjọ CDC tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà sọ pé ó ń dènà nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ihò tí ì bá yọ lára eyín ẹ̀yìn fún ọdún 2, àti ìdá 50 títí di ọdún 4. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1955 ni Michael Buonocore ní ìlú Rochester, New York, fi hàn pé bí a bá kọ́kọ́ fi ásíìdì kan ara eyín, ọ̀dà á lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Orí ìmọ̀ yẹn ni sealant onírẹ́sínì, ìyẹn èyí tí ọ̀dà rẹ̀ máa ń gan bí ike, dúró lé títí di òní.

Ohun méjì ló ń sọ bóyá owó tí ẹ ná á ṣiṣẹ́: kí ẹ mú ọmọ lọ lásìkò, àti kí eyín gbẹ nígbà tí wọ́n ń kùn ún. Ìyókù kò le.

Ẹ wá eyín kẹfà

Eyín àgbà àkọ́kọ́ níbi ẹ̀yìn máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6. Kò sí eyín tó ń yẹ̀ fún un, ẹ̀yìn gbogbo eyín ọmọdé ló ti ń jáde. Nítorí náà kò sí eyín tí ọmọ máa jù sórí òrùlé, kò sí alángbá tí ó ní láti fi í pamọ́ fún, òbí kò sì ní fura pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Tó bá di ọdún 8 tí wọ́n rí ihò lórí rẹ̀, wọn á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, eyín ọmọdé ni, ó ń bọ̀ wá yẹ̀." Kò ní yẹ̀ o. Eyín tí ọmọ yẹn máa fi jẹ ẹran títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Ẹ fọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dùbúlẹ̀, kí orí rẹ̀ wà lórí itan yín, kí ẹ tan iná fóònù sí i lẹ́nu. Láti àárín gbùngbùn iwájú, ẹ máa ka eyín lọ sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì ka àlàfo eyín tó ti yẹ̀ mọ́ ọn. Eyín ọmọdé kì í ju 5 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bá ìkẹfà, eyín àgbà nìyẹn. Mẹ́rin ni wọn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ sì sábà máa ń ṣáájú. Ní nǹkan bí ọdún 12 ni mẹ́rin mìíràn máa tún yọ lẹ́yìn wọn, àwọn náà nílò sealant.

Ìgbà tó dára jù ni ìgbà tí gbogbo orí eyín náà bá ti jáde tán, tí èrìgì kò bo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí ṣóńṣó rẹ̀ títí di ìgbà yẹn lè gba oṣù púpọ̀, àsìkò yẹn gan-an sì ni eyín náà wà nínú ewu jù. Ìdí ni pé ó ṣì rẹlẹ̀ ju èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ, búrọ́ọ̀ṣì tó ń lọ tó ń bọ̀ á kàn máa gba orí rẹ̀ kọjá láì kàn án. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọmọ wọlé, kí ẹ dá búrọ́ọ̀ṣì náà ní ìbú sórí eyín kan ṣoṣo yẹn, kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ẹ bá lè mú ọmọ lọ gba flúráìdì (èròjà tó ń mú eyín le) kíkùn ní ilé ìwòsàn láàárín oṣù 3 sí 6, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó lọ

Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín fún ọmọdé, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn eyín aládàáni náà sì ń ṣe é. Iye eyín ni wọ́n sábà máa ń ka owó lé, torí náà ẹ béèrè iye tí eyín kan jẹ́, kí ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa gba owó mìíràn bí ó bá ṣí láàárín oṣù mélòó kan. Àwọn òbí tó wà ní England kò ní sanwó: ìtọ́jú eyín lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ní Amẹ́ríkà, Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, ń bójú tó ìtọ́jú eyín ọmọdé tó bá wà lórí rẹ̀, àwọn iléèwé kan sì máa ń pe àwọn tó ń fi sealant wá sí ọgbà. Ìwé ìyọ̀ǹda tí ọmọ mú wálé ni kí ẹ tètè fọwọ́ sí.

Bí imú ọmọ bá dí lọ́jọ́ náà, ẹ sún un síwájú. Ọmọ tí kò lè fi imú mí kò lè la ẹnu sílẹ̀ tó ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹnu rẹ̀ á sì máa tutù. Nílé, ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń la ẹnu gbàgà tí a ń fi imú mí, kí ẹ máa kà títí dé 60. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ àjẹyó kí ẹ tó lọ, èébì lè gbé e tí òwú bá kan ahọ́n rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ má sì wulẹ̀ dárúkọ abẹ́rẹ́ sí i létí, àní láti fi sọ pé kò sí.

Lórí àga dókítà

Dókítà á kọ́kọ́ yẹ eyín wò. Bí àwọ̀ ojú ìlà bá ti ń yí padà ṣùgbọ́n tí kò tíì là, wọ́n ṣì lè fi sealant sí i, ó sì máa ń dá ìkẹ̀ náà dúró. Bí ó bá ti di ihò gidi, fíìlì, ìyẹn dídí ihò náà, ló kàn.

Lẹ́yìn náà ni fífọ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti omi tàbí ìyẹ̀fun ìfọyín tí kò ní òróró. Òróró díẹ̀ tó bá kù sójú ìlà kò ní jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀. Wọ́n á wá to òwú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ahọ́n, wọ́n á sì ki ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ bọ ẹnu. Àwọn mìíràn máa ń fi rọ́bà pẹlẹbẹ yọ eyín náà sóde, èyí ló dára jù bí ọmọ bá gbà.

Ásíìdì ló kàn, ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì ìdá 35 sí 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó sábà máa ń jẹ́ jẹ́lì aláwọ̀ búlúù kí dókítà lè rí ibi tó dé. Á wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30, bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá ṣe kọ ọ́ sára páálí. Ó kan díẹ̀ bí ó bá kan ahọ́n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi omi ṣan án dáadáa, wọ́n á pààrọ̀ òwú tó ti tutù, wọ́n á sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eyín gbẹ.

Ibí ni kí ẹ ti la ojú yín. Eyín tó gbẹ tí ásíìdì sì ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ kì í dán mọ́, ó máa ń funfun báláú bí ẹfun. Ẹ lè bẹ dókítà pé kí ó jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Ohun tó fà á ni pé ásíìdì ti ṣí ihò tíntìntín sára eyín, inú ihò wọ̀nyẹn sì ni ọ̀dà máa wọ̀ tí á fi dì í mú. Bí itọ́ bá kan ibẹ̀ ní àkókò yìí, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, àwọn ihò náà ti dí. Nínu nìkan kò tó. Wọ́n ní láti fọ̀ ọ́, fẹ́ ẹ gbẹ, fi ásíìdì sí i lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tún ṣan án. Dókítà tó bá kàn fi òwú nù ún tó ń bá iṣẹ́ lọ, sealant rẹ̀ kò ní pẹ́ ṣí. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí èèyàn méjì máa ṣe iṣẹ́ yìí, kí ọ̀kan máa kùn, kí èkejì máa di òwú mú kí ó sì máa fa itọ́.

Wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ̀dà sójú ìlà, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń mú un gan, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lórí eyín kan, kí ẹnu iná náà sún mọ́ eyín pẹ́kípẹ́kí. Kí ọmọ má wo iná náà o. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, ẹ̀rọ yìí máa ń lo bátìrì. Bátìrì tó ti rẹ̀ á tàn, ojú á sì rí búlúù, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ọ̀dà kò ní gan. Níkẹyìn, dókítà á fi irin ṣóńṣó tọ́ etí rẹ̀ wò bóyá ó ń ṣí, á ní kí ọmọ gé bébà aláwọ̀ jẹ, á sì dín ibi tó bá ga jù kù.

Àwọn òbí tó ti gbọ́ nípa BPA, kẹ́míkà kan tó lè jáde lára ọ̀dà onírẹ́sínì, lè ní kí wọ́n fi òwú nu ojú sealant lẹ́yìn iná, kí ọmọ sì yọ ẹnu nù kí ó tutọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè jáde, fún àkókò kúkurú, ìyẹn sì ń dín in kù sí i.

Bí ẹnu kò bá gbẹ

Ọmọ tí kò jókòó jẹ́ẹ́, tàbí eyín tí èrìgì ṣì bo ìdajì rẹ̀, kò yẹ fún ọ̀dà onírẹ́sínì. Èyí tí wọ́n ń pè ní glass ionomer ló bá a mu, nítorí ó lè fara da ọ̀rinrin díẹ̀, ó sì ń tú flúráìdì sára eyín. Kò nílò iná búlúù: dókítà á pò ó, á fi í sórí eyín, á fi ìka tó ní básílínì tẹ̀ ẹ́ wọ ojú ìlà. Kì í pẹ́ tó ti rẹ́sínì, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí eyín wà lásán lọ. Ọmọ tó bá gba èyí kò gbọ́dọ̀ jẹun fún wákàtí kan. Ti rẹ́sínì kò ní èèwọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ délé

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ lè ní eyín òun ga. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ padà lọ kí wọ́n dín in kù. Sealant tó máa ṣí sábà máa ń ṣí láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́, itọ́ ọjọ́ ìkùn ló sì sábà máa ń fà á. Èyí tó ṣí pátápátá kò ba eyín jẹ́. Èyí tó burú ni èyí tí ìdajì rẹ̀ ṣí, tí etí rẹ̀ wá di ibi tí oúnjẹ ń há sí tí ẹnìkan kò mọ̀. Torí náà ni kí ẹ ṣe máa mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Títún ibi tó ṣí kùn kì í gba àkókò. Yìnyín rírún, fífi eyín ṣí ìgò àti eegun líle kò bá a mu.

Sealant kò bo àárín eyín méjì, kò sì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fífọ ẹnu láàárọ̀ àti kí ọmọ tó sùn kò yí padà. Ẹ wo ara ọṣẹ ìfọyín: kí ẹ rí flúráìdì 1000 sí 1500 ppm níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní oníewé kò ní in rárá. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì. Láti 3 sí 6, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Kí ó tu ìfófòó rẹ̀ dànù, kí ó má fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn náà. Títí tí yóò fi pé ọdún 7 tàbí 8, ẹ̀yin ni kí ẹ máa fọ ti ẹ̀yìn fún un.

Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì àjẹsára ọmọ: eyín wo, irú ọ̀dà wo, ọjọ́ wo. Sealant tí kò ní àwọ̀ ṣòro láti rí, dókítà tuntun lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní èyí tó funfun, ẹ mú ìyẹn, ẹ̀yin fúnra yín á lè fi iná fóònù yẹ̀ ẹ́ wò nílé.