Kẹ̀kẹ́ Ológeere Tòkunbọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe Fúnra Yín

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń rà á gan-an ni àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Yálà Ìlọrin lẹ ti fẹ́ rà á ni o, tàbí Ọ̀ffà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tó ń dán tàn yín jẹ. Ṣéènì tó dípẹtà ṣeé pààrọ̀. Férémù tó ti là kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Ẹ fi ìka tọ ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ nísàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ọ̀dà bá wú tàbí tó sán níbẹ̀, ẹ kí ọlọ́jà, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ gba rìsíìtì pẹ̀lú, kí wọ́n má bàa ká ẹrù olè mọ́ yín lọ́wọ́.

Sípánà 10 àti 15 ló máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wá kẹrosíìnì, gíríìsì, akísà àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó.

Pẹ́dà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, kí kẹ̀kẹ́ ṣì wà lórí ìdúró. Ti ọ̀tún ń tú bíi nọ́ọ̀tì yòókù, àmọ́ òdìkejì ni ti òsì, ibẹ̀ ló sì ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sípánà nà sókè, kẹ́ ẹ wá fà á sí ọ̀nà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́: méjèèjì á tú. Bí ìpẹtà bá ti gbà á mú, ẹ ta epo sí i, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ẹ fi gíríìsì pa ẹnu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Ó kan ṣéènì. Ẹ gbé rúlà lé e láti àárín ìṣó kan, kẹ́ ẹ ka ìsokọ́ra 24; 12 íǹṣì géérégé ni ti tuntun. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì lé, ẹ ra òmíràn, kó má bàa jẹ eyín irin tó ń gbé e. Bí kò bá tíì gbó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá kán epo ẹ̀ńjìnnì tuntun sí ìsokọ́ra kọ̀ọ̀kan (epo dúdú tí mẹkáníìkì dà nù kọ́ o). Lẹ́yìn náà, ẹ nu ún dáadáa. Epo tó wọ inú ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó kù lára, eruku pupa wa ló ń kó mọ́ra, pàápàá nígbà ọyẹ́, á sì máa ha irin jẹ bíi sáńpépà.

Ẹ kọ nọ́ńbà ara táyà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ra òmíràn. 26 × 1.95 àti 26 × 1⅜ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀kan kò ní wọ ríìmù èkejì. Ìwọ̀n atẹ́gùn náà wà lára táyà. Ẹ fi han fọkanáísà, torí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà mọ́tò lè bẹ́ tíúbù kékeré kẹ́ ẹ tó ní “ó tó.” Bí ríìmù bá ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, sípóòkì ló dẹ̀, ẹ gbé ìyẹn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀kẹ́.

Rọ́bà bíréèkì gbọ́dọ̀ di ríìmù mú, kò gbọ́dọ̀ kan táyà rárá. Bí wáyà rẹ̀ bá ti ja fọ́nrán kan péré, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé e bọ́ sí títì láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ Nàpéèpù, ẹ kọ́kọ́ gùn ún yípo inú ọgbà, ẹ tẹ bíréèkì iwájú àti tẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún lẹ́ẹ̀kan sí i.