Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Bí A Ṣe Ń Gbógun Ti Ewéko Àjèjì ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Inú Akúrẹ́ kan náà ni àwọn tó mọ ewéko àti àwọn tó ń fọwọ́ sí owó ìlú ń gbé. Bí ewéko àjèjì bá ń gba odò àti oko wa, àṣìṣe tó léwu jù ni kí wọ́n dúró di ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi kò lè kọjá mọ́ ní Ìlàjẹ kí wọ́n tó jókòó pọ̀. Ẹ wo water hyacinth, ewéko olódòdó àlùkò tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lójú omi Nàìjíríà lápá Àgbádárìgì ní 1984. Níbi tí omi bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni ìjọba ń ṣe ètò ìṣúná. Olùwádìí tó bá fi àbájáde rẹ̀ pamọ́ títí jọ́nà, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, yóò fi tẹ̀ ẹ́ jáde, àti ọ̀gá ìjọba tó bá ní kó di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀wù wọn kò ní bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Ojú ìwé kan péré ní èdè tó yéni, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí ewéko náà dé hàn, ló yẹ kó wà lórí tábìlì kọmíṣánnà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò owó ọdún. Kí owó díẹ̀ sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọrọ bí ewéko bá yọjú níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣì kéré, ọwọ́ àti àwọ̀n tó láti kó o.

Ẹ má ṣe sanwó fún agbaṣẹ́ṣe nítorí iye ewéko tó kó nìkan. Èso water hyacinth lè wà nínú ẹrẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 20 kí ó tó hù, èyí tí wọ́n bá sì kó jọ sétí omi, òjò á gbá a padà. Ìbéèrè tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn ni pé: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ṣé ọkọ̀ ṣì ń kọjá? Àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀ Odò ló yẹ kó dáhùn rẹ̀. Ìwà àfojúdi ni kí a máa pè wọ́n fún iṣẹ́ agbára nìkan, kí a má bi wọ́n ní oṣù tí ewéko náà ń dé àti ẹnu odò tó ń gbà wọlé.

Àṣìṣe mìíràn tó ń bí àṣìṣe ni kí a máa pe gbogbo ohun tó bo omi ní ojú oró. Ewé ojú oró ní irun múlọ́múlọ́, kò sì ní òpó, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé ewé dúró. Òpó ewé water hyacinth wú, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ odò. Ìyàtọ̀ yìí kan owó ìlú, nítorí kòkòrò Neochetina tí wọ́n fi ń bá water hyacinth jà kì í ṣiṣẹ́ lórí ojú oró. Kòkòrò tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ní Uganda, wọ́n tú Neochetina sí adágún Victoria ní 1995, ó sì gba ọdún mélòó kan kí ewéko náà tó fà sẹ́yìn. Ó nílò sùúrù. Bí ẹ̀ka ìjọba kan bá tú kòkòrò sómi, tí ẹ̀ka kejì wá fi oògùn apakoríko fín ibẹ̀ kan náà, ilé àti oúnjẹ kòkòrò náà ni wọ́n bà jẹ́ yẹn. Omi tí à ń mu, tí ẹja ń gbé, ni oògùn náà sì bọ́ sí.

Lórí ilẹ̀, ẹ wo Akíntọ́lá, ewé tí àgbẹ̀ Oǹdó mọ̀ dáadáa. Inú èso igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló fara pamọ́ sí tó fi wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí 1937. Àwọn tó fẹ́ gbin igi ló gbé e wọlé láìmọ̀. Ẹ má wá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ àyíká nìkan: ó kan àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba, àwọn tó ń yẹ irúgbìn wò ní ibodè, àti àwọn tó ń gé koríko etí títì. Bí ẹ̀rọ ìgékoríko bá kọjá lórí Akíntọ́lá tó ti so, á gbé èso rẹ̀ dé abúlé tó kàn. Bí a bá sun ún, gbòǹgbò rẹ̀ á tún rú. Tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ sì ń rọ́ lọ sórí òdòdó rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èròjà tó ń mú ara wọn korò lẹ́nu ohun tó fẹ́ jẹ wọ́n. Ẹni tó ń wá ojútùú sí tata àti ẹni tó ń wá ojútùú sí Akíntọ́lá kò gbọdọ̀ máa ṣèpàdé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ má sì ṣe fòfin de ewéko láìbi àwọn tó ń lò ó. Àgbẹ̀ tí àdá bá ṣá lẹ́sẹ̀, ewé Akíntọ́lá ló máa fún sójú egbò kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Tithonia, tí àwọn kan ń pè ní jogbo, tí òdòdó yẹ́lò rẹ̀ ń bo etí ọ̀nà nígbà tí òjò bá ń parí lọ, ajílẹ̀ gidi ni ewé rẹ̀. Òfin tó bá gbọ́n á ní kí a gé e lò kí ó tó tanná.

Omi Ìlàjẹ so mọ́ ti Ògùn àti Èkó níwọ̀ oòrùn, ó so mọ́ ti Delta níhà kejì. Bí Oǹdó bá dá ṣe ètò tirẹ̀, ohun tó kó dànù lónìí ni ìgbì á tún gbé wá lọ́la. Ẹ kọ̀wé sí àwọn aládùúgbò yẹn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ wọn àti tiwa lè bọ́ sí oṣù kan náà.