Bí mo ṣe yan kọ̀ntírólà Wi-Fi fún hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Kabba, àti bí mo ṣe tò ó

Ilé mẹ́ta ló wà nínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì náà: ilé iwájú, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò tí ilé oúnjẹ sì wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní yàrá 24, méjìlá nísàlẹ̀, méjìlá lókè, àti gbọ̀ngàn àpèjẹ tó wà lẹ́yìnkùlé pátápátá. Ráútà mẹ́rin tí kò mọ ara wọn ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, orúkọ Wi-Fi mẹ́rin, pásíwọ̀ọ̀dù mẹ́rin. Ẹni tó bá jẹun tán tó ń gòkè lọ sùn, íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á já lórí àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ tí mo gbà ni pé kí orúkọ kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́ láti ẹnu géètì dé gbọ̀ngàn, kí wọ́n sì lè máa darí gbogbo rẹ̀ láti ojú kan. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ìdarí yẹn ni kọ̀ntírólà.

Ìbéèrè tí ìyá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì náà kọ́kọ́ bi mí ni mo fi yan ẹ̀rọ: “Ẹnjiníà, bí iná bá lọ lóru ńkọ́? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège ńkọ́?” Mo ní, “Mà, ohun tí kò ní kú tí méjèèjì bá lọ ni a ó rà.” Àwọn tó ń tajà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Iye access point (ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi káàkiri) tí kọ̀ntírólà lè darí ni wọ́n máa ń kà sí wa létí, bẹ́ẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 24 kò lè lo ju mẹ́wàá lọ. Ohun tó yẹ ká bi wọ́n ni èyí tí yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná, íntánẹ́ẹ̀tì tàbí owó láísẹ́ǹsì (àṣẹ ìlò tí wọ́n ń sanwó fún) bá tán.

Mo gbé oríṣi márùn-ún yẹ̀ wò. Èkíní ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní láísẹ́ǹsì, bíi Cisco Meraki. Ó rọrùn lò, ó sì dára fún ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka púpọ̀, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ra láísẹ́ǹsì rẹ̀. Tí láísẹ́ǹsì bá parí, tí ọgbọ̀n ọjọ́ ìfaradà sì kọjá, àwọn ẹ̀rọ yẹn lè ṣíwọ́ iṣẹ́. N kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé hòtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé òpin ọdún àti ọjọ́ òkú ṣíṣe ni owó ń wọlé jù lórí.

Èkejì ni sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí a máa gbé sórí kọ̀ǹpútà, bíi ti UniFi tàbí Omada. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, bí kọ̀ǹpútà kan bá wà tí wọn kì í pa. Kọ̀ǹpútà ibi ìgbàlejò kọ́ nìyẹn. Wọ́n á pa á lálẹ́, wọ́n á fi wo fíìmù, lọ́jọ́ kan ẹnì kan á fọ inú rẹ̀ dànù tòun ti kọ̀ntírólà. Ẹ̀kẹta ni CAPsMAN tó wà nínú ráútà MikroTik: kò gba owó kankan, agbára rẹ̀ sì pọ̀, àmọ́ ó fẹ́ ẹni tó mọ RouterOS, sọ́fítíwià ráútà yẹn, dunjú. Bí ẹni tó tò ó bá ti kó lọ sí Abuja, ta ni yóò ṣí i? Ẹ̀kẹrin ni èyí tó ń gbé inú access point fúnra rẹ̀, bíi Aruba Instant àti Ruckus Unleashed. Ọ̀kan nínú àwọn access point á jẹ́ olórí, bí olórí bá kú, òmíràn á gbà á. Ká ní owó wà lọ́wọ́ wa, èyí ni ǹ bá mú.

Ìkarùn-ún ni àpótí kékeré tí a máa rà lẹ́ẹ̀kan, bíi Cloud Key ti UniFi tàbí OC200 ti TP-Link Omada. OC200 ni mo mú. Kò ní owó ọdọọdún, ó ń gba iná láti ara wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ní ihò USB tó lè máa fi ẹ̀dà ìṣètò pamọ́ sí, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì lọ, inú ọgbà ló wà, iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ. Mo tún wo ibi tí a ti máa rí ìkejì rẹ̀ rà. Kò sí i ní Kabba, kò sí ní Isanlu, ṣùgbọ́n ó wà ní Abuja àti ní Ikeja, mọ́tò sì lè gbé e wá. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé òkè òkun nìkan la ti lè rí pààrọ̀ rẹ̀, mi ò ní dá a lábàá fún ẹnikẹ́ni níhìn-ín.

Kí n tó ra access point, mo gbé ẹyọ kan kọ́ sórí igi gígùn, mo so ó mọ́ bátìrì, mo sì fi áàpù tó ń wọn agbára Wi-Fi rìn káàkiri. Ògiri búlọ́ọ̀kù onínsì mẹ́sàn-án ni ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ilé ìwẹ̀ tó kún fún táìsì sì wà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ní ẹnu ilẹ̀kùn, agbára Wi-Fi 5 GHz jẹ́ -52 dBm (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni agbára ṣe pọ̀ tó). Lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, ó ti bọ́ sí -74. Ohun tí mo ń wá ni -67 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí àlejò máa dùbúlẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ló ti ń lo fóònù. Nítorí náà ni mi ò ṣe to gbogbo rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣe. Mo gbé mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ àti mẹ́ta sí òkè, nínú yàrá, mo sì yẹ̀ wọ́n lára wọn kí ti òkè má bàa wà lórí ti ìsàlẹ̀ gan-an. Ọ̀kan sí ibi ìgbàlejò, ọ̀kan sí ilé oúnjẹ, méjì sí gbọ̀ngàn. Mẹ́wàá pérépéré.

Wáyà ni ibi tí iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Cat6, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lára pọ̀ lọ́jà, ó sì ń jọ ojúlówó. Fi ọ̀bẹ ha ara okùn tín-ín-rín kan nínú rẹ̀: tí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, dá a padà. Ó lè gbé dátà lọ dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n iná PoE, ìyẹn iná tó ń gba ara wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, á máa dín kù nínú rẹ̀, access point á máa kú á máa jí nígbà tí èèyàn bá pọ̀ lórí rẹ̀, a ó sì máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ìkejì ni suwíìṣì, àpótí tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ń wọ̀. Má ka iye ihò nìkan, ka àpapọ̀ wáàtì. Ihò PoE mẹ́jọ tó lè fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní wáàtì 15.4 gbọ́dọ̀ ní bíi wáàtì 123. Ọ̀pọ̀ suwíìṣì oníhò mẹ́jọ kò ju bíi 60 lọ. Mo fi wáàtì 13 ṣírò access point kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà àti OC200 lórí suwíìṣì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti sún mọ́ 85, ni mo fi ra èyí tó ju 100 lọ.

Gbọ̀ngàn jìnnà ju mítà 100 lọ, Cat6 kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ìyẹn. Fáíbà single-mode, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà, ni mo rì sínú páìpù lábẹ́ ilẹ̀, SFP (ẹ̀rọ kékeré tó ń so fáíbà mọ́ suwíìṣì) kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí suwíìṣì kékeré sì wà ní gbọ̀ngàn. Ká tiẹ̀ ní kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, fáíbà náà ni ǹ bá lò láàárín ilé sí ilé, torí àrá. Ẹni tó bá mọ òjò àkọ́rọ̀ ní apá ibí yìí mọ bí àrá ṣe ń sán láàárín àwọn òkè. Tó bá gba ara wáyà kọ́pà wọlé, suwíìṣì méjèèjì ló máa jó. Fáíbà kì í gbé iná. Bí iná SFP kò bá tàn lẹ́yìn tí o so ó tán, pààrọ̀ ipò ẹnu fáíbà méjèèjì ní ìhà kan ṣoṣo, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnu tó ń fi ránṣẹ́ ni wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ẹnu tó ń fi ránṣẹ́.

Títò kọ̀ntírólà fúnra rẹ̀ kò pẹ́. So OC200 mọ́ suwíìṣì, wo àdírẹ́sì IP tí ráútà fún un, kí o sì fi àdírẹ́sì yẹn pamọ́ fún un títí láé. Tí kò bá rí ráútà, 192.168.0.253 ló máa gbé wọ̀. Yan Nàìjíríà fún orílẹ̀-èdè, torí òun ló ń sọ irú shánẹ́ẹ̀lì (ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà lójú afẹ́fẹ́) àti agbára tí òfin gbà, sì yan Africa/Lagos fún aago, torí voucher, nọ́ńbà tí àlejò máa fi wọlé, máa fi aago yẹn ka wákàtí. Àwọn access point á yọ lójú rẹ̀, wọ́n á ní Pending (wọ́n ń dúró), o ó tẹ Adopt kí kọ̀ntírólà lè gbà wọ́n. Èyí tí ẹlòmíràn ti lò rí á béèrè orúkọ àti pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ àtijọ́. Bí kò bá sí, di bọ́tìnì Reset mú títí iná rẹ̀ á fi máa ṣẹ́jú. Tí access point bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn tí kò rí kọ̀ntírólà, option 138 nínú DHCP, ètò tí ráútà fi ń pín àdírẹ́sì IP, ni o ó fi júwe ọ̀nà fún un.

Mo dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta sílẹ̀ lórí wáyà kan náà, VLAN ni wọ́n ń pe irú ìpínyà bẹ́ẹ̀: ti ẹ̀rọ, VLAN 20 fún àlejò, VLAN 30 fún òṣìṣẹ́ àti POS. Ráútà ni a kọ́kọ́ máa kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà ihò suwíìṣì, orúkọ Wi-Fi ni ìkẹyìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òdì, fóònù á kàn máa sọ pé òun ń gba àdírẹ́sì IP, kò sì ní rí i gbà. Orúkọ Wi-Fi méjì péré ló wà, torí gbogbo orúkọ ló ń pariwo lójú afẹ́fẹ́ lemọ́lemọ́, ariwo yẹn sì ń jẹ àyè.

Ní 2.4 GHz, mo lo shánẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó 20 MHz, shánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 nìkan, mo sì dín agbára rẹ̀ kù kí fóònù lè fẹ́ràn 5 GHz. Ní 5 GHz, 40 MHz ni. Nínú àwọn ètò tó ń ran fóònù lọ́wọ́ láti kúrò lórí access point kan bọ́ sórí òmíràn, mo tan 802.11k àti v, mo pa 802.11r, torí àwọn fóònù àtijọ́ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan kì í lè wọlé tó bá wà ní títàn. Mo ní kí access point jọ̀wọ́ fóònù tó bá ti bọ́ sí -78. Tí o bá fi sí -65, a máa lé àlejò jáde bó ṣe ń wọlé. Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ: Omada máa ń tan mesh, ìsopọ̀ access point mọ́ ara wọn láìsí wáyà, fúnra rẹ̀. Bí wáyà kan bá já, access point yẹn á lọ rọ̀ mọ́ èkejì láti ojú afẹ́fẹ́, ohun gbogbo á falẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé wáyà ló já. Mo pa á, kí àìsàn lè hàn.

Àlejò ń fi voucher wọlé: wákàtí 24, ẹ̀rọ méjì, Mbps 5 fún ìgbàwọlé àti 2 fún ìfiránṣẹ́. Mo dá àkáǹtì Operator sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tó wà níbi ìgbàlejò, kó lè máa tẹ voucher láìlè fọwọ́ kan ìṣètò. A kò béèrè nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ àlejò, torí ẹni tó bá gbà á ní láti tọ́jú rẹ̀ bí òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 ṣe là á sílẹ̀. Tí ojú ìwé voucher kò bá yọ lórí fóònù Android, wo Private DNS nínú ìṣètò (Settings) fóònù náà, ó sábà jẹ́ pé wọ́n ti kọ nǹkan síbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí gbọ̀ngàn bá kún ló sì ń fi hàn bóyá ẹni tó tò ó mọṣẹ́. DHCP tó ní àdírẹ́sì 250 tó sì ń dì wọ́n mú fún odindi ọjọ́ kan á tán kí wọ́n tó gbé ìrẹsì jáde. Mo fún VLAN 20 ní /23, ìyẹn àdírẹ́sì 510, mo sì ní kí ó gba àdírẹ́sì padà lẹ́yìn wákàtí méjì.

Ojú ìwé voucher yìí ni ìdí tí kọ̀ntírólà kò fi gbọ́dọ̀ kú. Tó bá kú, àwọn access point á ṣì máa gbé Wi-Fi òṣìṣẹ́ kiri, ṣùgbọ́n àlejò tuntun kankan kò ní rí ọ̀nà wọlé. Iná tó bá lọ lójijì sì lè ba inú OC200 jẹ́. Ínfátà ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lé: access point mẹ́wàá bíi wáàtì 80, suwíìṣì méjì 20, ráútà àti OC200 bíi 15, Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì wá, bíi 60. Àpapọ̀ 175. Bátìrì 12V 220Ah méjì ní Wh 5,280. Ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń lò kí ó lè pẹ́, tí a bá sì yọ ohun tí ínfátà ń jẹ, ó kù bíi 2,240. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí 12 àtààbọ̀ nìyẹn.

Fún ìtọ́jú, kọ̀ntírólà ló ń kọ́kọ́ gba àtúnṣe sọ́fítíwià, lẹ́yìn náà access point kan ṣoṣo, ti ilé oúnjẹ. Tí ọjọ́ mélòó kan bá lọ láìsí wàhálà, àwọn yòókù á tẹ̀lé e. Fíláàṣì wà lẹ́yìn OC200 tó ń gba ẹ̀dà ìṣètò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ní kí wọ́n máa gbé ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lóṣooṣù. TP-Link ID tó ń jẹ́ kí n wọlé láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn Starlink tí kì í jẹ́ ká ṣí ihò láti ìta, ímeèlì ìyá náà ni mo fi ṣí i. Èmi kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n fún láyè, wọ́n sì lè yọ mí nígbà tó bá wù wọ́n. Pásíwọ̀ọ̀dù Device Account, èyí tí kọ̀ntírólà tuntun máa béèrè kó tó lè gba àwọn access point wọ̀nyẹn, mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo dì í sínú àpòòwé, ó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tì, pẹ̀lú àwòrán tó fi ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà hàn.