Bí wọ́n bá fẹ́ ta omi ẹ̀rọ ìlú yín ní Pennsylvania

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Pennsylvania, bí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba ìlú yín fẹ́ ta omi ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, ẹ má jókòó. Public Utility Commission, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ bí omi àti iná, gbọ́dọ̀ yẹ títà náà wò kó tó múlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e gba Act 12 ti 2016, òfin tó jẹ́ kí wọ́n lo iye tí àwọn adíyelé bá pè, oṣù 6 péré ni ìgbìmọ̀ náà ní láti fi pinnu, láti ìgbà tí ìwé ìbéèrè bá ti pé.

Iye owó ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Olùrà á mú adíyelé kan wá, olùtà á mú tirẹ̀. Ìpíndọ́gba iye tí àwọn méjèèjì bá pè, tàbí iye tí wọ́n rà á gan-an, èyí tó bá kéré jù ni wọ́n máa fi ṣírò owó omi lọ́jọ́ iwájú. Àpò wa ló ti máa jáde! Èmi kì í ka ohun mìíràn ṣáájú ìwé àwọn adíyelé yẹn.

Ẹ kàn sí Office of Consumer Advocate, àwọn ló ń gbèjà oníbàárà. Bí wọ́n bá pe aráàlú wá sọ̀rọ̀, ẹ lọ búra: ọ̀rọ̀ tí a búra sọ ló ń di ẹ̀rí, lẹ́tà lásán kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú bíìlì omi yín dání.